Báàgì Ni Kí Ẹ Gbé Lórí Ìwọ̀n

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì àti àwọn òbí wọn sọ ní Bárígà, ní Èkó. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ibi tí mo ti tún ọ̀rọ̀ sọ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àyè sí yunifásítì, ẹ kú oríire. Bí ẹ ṣe wọlé yìí, ayọ̀ lẹ ó fi jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Títún láptọ́ọ̀pù ṣe àti títà á ni iṣẹ́ mi ní Ìkẹjà, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti rí orí ọmọ tuntun tó wọ́ lọ́jà wa, mo sì ti rí owó òbí tó bá a lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi pa ṣọ́ọ̀bù dé lónìí tí mo sì wá.

Kí n tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan, ẹ bá mi wo ohun tó wà lórí tábìlì yìí. Píọ̀ wọ́tà ni. Omi inú ọ̀rá kan jẹ́ ìdajì lítà, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì kílò. Òun ni òṣùwọ̀n wa lónìí, torí kò sí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò tíì gbé e lọ́wọ́ rí. Láptọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ jẹ́ ìńṣì 15.6, èyí tí ọ̀pọ̀ òbí fẹ́ràn nítorí pé ó tóbi lójú, lè wọ̀n ju kílò 2 lọ. Ẹ jẹ́ ká pè é ní píọ̀ wọ́tà mẹ́rin àti díẹ̀. Ṣájà rẹ̀, pẹ̀lú wáyà gígùn àti bíríkì dúdú tó wà láàárín wáyà náà, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó píọ̀ wọ́tà kan. Márùn-ún àti díẹ̀ nìyẹn, ìwé kò tíì wọ inú báàgì, oúnjẹ kò tíì wọ ibẹ̀. Kí ọmọ wá gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ èjìká kan, kó rìn láti géètì UNILAG ní Akọka dé etí ọ̀sà lọ́hùn-ún, kó tún rìn padà nínú oòrùn.

Èmi gan-an ti gbé e rí. Agége ni ilé wa nígbà tí mo ń lọ sí Akọka. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo ti máa wà ní ibùdókọ̀: dáńfó kan dé Ọ̀ṣọ́dì, òmíràn dé Yàbá, kí n tó tún wọ èyí tó ń já sí géètì. Owó àjọ ni bàbá mi fi ra láptọ́ọ̀pù fún mi. Ó tóbi, ó ń dán, ó tún ní àwọn bọ́tìnnì nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù bíi ti àwọn oníbáǹkì. Àwọn aládùúgbò wá wò ó, wọ́n bá wa dúpẹ́. Nínú dáńfó, níbi tí èèyàn mẹ́rin ti ń há ara wọn mọ́ orí ìjókòó kan, orí itan ni mo máa ń gbé e lé, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ ló sì ń fi orúnkún gún un. Kí sáà kejì tó parí, okùn báàgì náà ti já lẹ́ẹ̀mejì, èjìká ọ̀tún mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí tí n kò fi lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn.

Mo fi í sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ kan kí n lè sinmi. Ó di ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ohun tí àwọn àbúrò mi fi ń wo fíìmù. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa fún wa ní iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ ṣe ká sì fi ránṣẹ́ kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Èmi wà ní Akọka, láptọ́ọ̀pù mi wà ní Agége. Mo yá ti ọ̀rẹ́ mi nígbà tó ti ṣe tirẹ̀ tán, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, n kò sì rí ìdajì iṣẹ́ náà ṣe. Máàkì lọ. Ohun tó dùn mí jù ni owó àjọ bàbá mi tó wà nílé lórí tábìlì, tí kò lè yọ mí lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kí n tó béèrè iye tó wà lọ́wọ́ ẹni tó bá wá ra láptọ́ọ̀pù fún ilé-ìwé, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé: "Níbo lẹ máa ń wà ní aago méjìlá ọ̀sán?" Ẹni tó ń gbé inú ọgbà, tó lè rìn padà sí yàrá ní Mọremí Hall láàárín kíláàsì méjì, ìdáhùn tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú wá, tó máa gba orí Third Mainland tàbí tó máa há sí Kẹ́tù, tí kò ní fojú kan ilé títí di alẹ́, tirẹ̀ tún yàtọ̀. Ẹni tó ń lọ sí LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ọ̀jọ́ láti Agége náà mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ dáhùn ìbéèrè yẹn kí ẹ tó jáde nílé. Òun ló máa yan ẹ̀rọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí ìtàn yìí wúlò. Ní 1981, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan jáde ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Osborne 1. Wọ́n ní ó ṣeé gbé káàkiri, èèyàn sì rà á gan-an. Kílò 11 ni. Àpò píọ̀ wọ́tà odindi, tó ní ogún ọ̀rá nínú, kílò 10 ni. Ẹni tó bá gbé Osborne 1 ti gbé àpò píọ̀ wọ́tà kan, ó tún fi ọ̀rá méjì lé e. Ojú rẹ̀ kò ju ìńṣì 5 lọ, kò sì ní bátìrì nínú, àfi kí wọ́n kì í mọ́ iná ògiri. Síbẹ̀ inú wọn dùn sí i, torí èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò ṣeé gbé kúrò lójú kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2008, Steve Jobs, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Apple nígbà náà, dúró níwájú àwùjọ, ó sì fa MacBook Air àkọ́kọ́ yọ látinú ẹnfílọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó ìwé. Kílò 1.36 ni, kò tó píọ̀ wọ́tà mẹ́ta. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n yọ kí ó tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀: wọ́n yọ ibi tí wọ́n ń ki CD sí, ihò USB kan ṣoṣo ló kù, wọ́n lẹ bátìrì mọ́ inú rẹ̀ tí onílé kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́, wọ́n sì jó RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ pátápátá.

Ẹ di ìbéèrè yẹn mú, ẹ gbé e lọ sí ọjà: kí ni wọ́n yọ kí ó tó fúyẹ́? Fífúyẹ́ kan wà tó jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n lo alumíníọ́ọ̀mù, tàbí magnẹ́síọ́ọ̀mù, tàbí carbon fibre dípò ike tó nípọn, wọ́n sì to inú rẹ̀ dáadáa kí àyè má ṣòfò. Irú èyí lágbára, bátìrì rẹ̀ sì ṣì máa ń tóbi. Fífúyẹ́ kejì jẹ́ ti àìní. Bátìrì rẹ̀ kéré, ike rẹ̀ tín-ín-rín, RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ, ibi ìkó-nǹkan-sí rẹ̀ jẹ́ eMMC 64GB tí wọ́n jó mọ́ ọn nínú. Tuntun ni wọ́n máa ń tà á, páálí rẹ̀ ń dán, owó rẹ̀ sì máa ń fa òbí mọ́ra. Ẹ̀yin ìyá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ èyí: ohun tó ń gbé àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú omijé jù lọ nìyẹn. Windows fúnra rẹ̀, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, yóò gba apá tó pọ̀ nínú 64GB yẹn. Nígbà tó bá yá, tí Windows fẹ́ tún ara rẹ̀ ṣe, á ní kò sí àyè mọ́. Ọmọ á pa fọ́tò rẹ́, á pa ìwé rẹ́, kò ní tó. Kò sì sí ohun tí mo lè bá a fi kún un, torí wọ́n ti jó o mọ́ ọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wá bá mi ní oṣù kẹta tó ra ẹ̀rọ náà, gbogbo ohun tí mo sì lè ṣe fún un ni kí n sọ òtítọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rà nìyí, n kò ní fi pamọ́: tòkunbọ̀ tó jẹ́ ti ọ́fíìsì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lókè òkun máa ń pààrọ̀ ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìyẹn ló sì ń dé Ìkẹjà. ThinkPad ti Lenovo, Latitude ti Dell, EliteBook ti HP, irú wọn. Wọ́n ṣe wọ́n fún ẹni tó ń rìnrìn àjò lójoojúmọ́, ẹ̀yà ara wọn kún ọjà, kò sì sí oníṣẹ́ ní òpópónà Otigba tí kò mọ inú wọn. Ojú ìńṣì 12.5 sí 14 ló tó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ mọ́tò. Kò lẹ́wà tó èyí tó wà nínú páálí. Ṣùgbọ́n yóò bá a dé 400 level.

Ó kù ọ̀rọ̀ bátìrì, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ jókòó sí díẹ̀, torí Èkó la wà.

Lára bátìrì láptọ́ọ̀pù, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà kan tó parí sí Wh. Ẹ mú un bíi kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù: Wh ni bí kẹ́ẹ̀gì ṣe tóbi tó. Ẹ̀rọ tó wà nínú láptọ́ọ̀pù wá ni jẹnẹrétọ̀ tó ń mu ún. Kẹ́ẹ̀gì kan náà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré á fi tan iná mọ́jú, ti ńlá á mu ún tán kí ìròyìn aago mẹ́sàn-án tó parí. Bí bátìrì yín bá jẹ́ 50Wh, tí ẹ̀rọ sì ń mu wáàtì 8 bí ẹ ṣe ń tẹ̀wé tí ẹ sì ń kàwé, wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ lẹ ní. Bó bá ń mu wáàtì 20, wákàtí méjì àbọ̀ ni. Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó ń mu epo: ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà Intel, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, bíi i5-8350U. U yẹn ni ti ẹ̀rọ tí kì í mu iná púpọ̀. Bó bá jẹ́ H ló parí sí, alágbára ni, ṣùgbọ́n ọ̀mu ni. Àwọn MacBook Air tó ní M1, ọpọlọ tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe, tó jáde ní 2020, kì í mu iná púpọ̀ ká má purọ́, kílò 1.29 ni, kò ní fáànù kankan nínú, ó sì lè bá èèyàn dé ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a, kó rà á. Kó ṣáà rántí pé RAM tó bá bá a wá ni yóò máa lò títí, kò ṣeé fi kún.

Bátìrì tòkunbọ̀ wá ti gbó díẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wa. Ó dà bíi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti da òkúta sí nínú: òde rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n epo tó ń gbà ti dín kù. Ẹ má gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí èyí, títí kan ẹnu tèmi. Bí ẹ bá tan Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kí ẹ tẹ Enter. Á kọ ìwé kan sílẹ̀, á sì sọ ibi tó fi í sí. Ẹ ṣí i. Nọ́ńbà méjì lẹ máa wá níbẹ̀: Design Capacity, ìyẹn iye tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun, àti Full Charge Capacity, iye tó ń gbà báyìí. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 48,000 tí èkejì sì jẹ́ 40,000, ẹ ṣe oríire. Bí èkejì bá jẹ́ 20,000, owó bátìrì tuntun ti wọ inú owó tí ẹ máa san, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ná an.

Ẹ jẹ́ ká wá fi píọ̀ wọ́tà ṣe ìṣirò kan. ThinkPad X280 jẹ́ ìńṣì 12.5, ó sì wọ̀n kílò kan àti díẹ̀. Píọ̀ wọ́tà méjì àti díẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá gbé e lọ́wọ́, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó fúyẹ́ bí ìwé. ThinkPad T480 jẹ́ ìńṣì 14, ó sì fi nǹkan bíi píọ̀ wọ́tà kan wúwo jù ú lọ. Gbogbo ẹni tó bá gbé méjèèjì wò ní ṣọ́ọ̀bù mi, X280 ló máa ń nawọ́ sí. Èmi á ní kó fara balẹ̀. Bátìrì X280 wà nínú, ẹ kò lè pààrọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí kò bá lè gbé yín dé ìrọ̀lẹ́, ẹ máa gbé ṣájà, ẹ máa gbé power bank tó lágbára tó láti gbé láptọ́ọ̀pù, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó píọ̀ wọ́tà kan fúnra rẹ̀. Báàgì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di píọ̀ wọ́tà mẹ́rin. T480 ní bátìrì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn yẹn ṣeé yọ. Ẹ lè ra ìkejì rẹ̀ kí ẹ fi sápò, ìwọ̀n kékeré rẹ̀ kò tó ìdajì píọ̀ wọ́tà. Bí ti ẹ̀yìn bá kú, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó fi òmíràn sí i, ẹ̀rọ náà kò sì ní kú, torí ti inú ṣì ń gbé e. Ṣájà wà nílé. Báàgì kò ju píọ̀ wọ́tà mẹ́ta àbọ̀ lọ. Èyí tó wúwo lórí káńtà ló wá fúyẹ́ lójú títì.

Ìdí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé báàgì ni kí wọ́n gbé lórí ìwọ̀n nìyẹn. Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ kọ sára páálí jẹ́ ti ẹ̀rọ nìkan. Kò sí ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ nìkan lọ sí Akọka.

Ohun mìíràn tó ń dín ẹrù kù ni ihò USB-C tó ń gba iná. Bí láptọ́ọ̀pù bá lè gba iná láti ibẹ̀, ṣájà kékeré oníwáàtì 65 kan, irú àwọn tuntun tó ṣeé dì sí àtẹ́lẹwọ́, á gbé láptọ́ọ̀pù, á sì gbé fóònù. Bíríkì dúdú yẹn á wà nílé. X280 ní i, T480 ní i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ń gba iná o. Àwọn kan wà fún fáìlì nìkan. Ẹ fi ṣájà USB-C sí i níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ wò ó bóyá yóò gba iná.

Lórí ọjọ́ orí ẹ̀rọ, n kò ní pẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 kò sì gba Intel tó bá gbó ju ìran kẹjọ lọ. Nọ́ńbà náà ni kí ẹ kà: i5-6300U, mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀, ìran kẹfà ni. i5-8350U, ìran kẹjọ ni. i5-10310U, ìran kẹwàá ni. Wọ́n ṣì ń ta ìran kẹfà àti ìkeje káàkiri Ìkẹjà, owó wọn sì rọ̀. Ẹni tó ń wọ 100 level ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún níwájú. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ìran kẹjọ sókè. RAM 8GB, SSD (ibi ìkó-nǹkan-sí) 256GB. Kí ẹ má gba ẹ̀rọ tó ṣì ń lo hard disk tó ń yí nínú dáńfó tó ń fò lórí kòtò. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ó fúyẹ́ jù, ó sì yára jù.

Bí ẹ bá wá dé ọjà ńkọ́? Ẹ lọ láàárọ̀, kí ọjà tó gbóná, kí ẹni tó ń tà á lè ní sùúrù fún yín. Ẹ mú ọmọ lọ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ láì jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Èjìká rẹ̀ ló máa gbé e. Ẹ fi ọwọ́ kan ṣí ojú rẹ̀. Bó bá ń ké wíí, tàbí tí igun ike tó wà nítòsí ibi tó ti ń ṣí bá ń gbéra díẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣí i, irin inú rẹ̀ ti ń fà á ya nìyẹn, kò ní pẹ́ kó já. Ẹ ṣí Notepad, ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti Q dé M, kí ẹ má fo ìkankan. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ funfun báláú, kí ẹ wá ẹyọ dúdú tàbí ojú tó pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ẹ fi í sílẹ̀ lórí bátìrì fún ìdajì wákàtí, kí ẹ máa bá a tàkúrọ̀sọ, kí ẹ wo ibi tó bọ́ sí.

Èyí tó kẹ́yìn lórí ìyẹ̀wò, mo fi owó ara mi kọ́ ọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan gbé MacBook mẹ́ta wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní òun ń kánjú. Wọ́n mọ́ tónítóní. Mo san owó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí mo pa gbogbo inú ọ̀kan rẹ́ láti tò ó lákọ̀tun, bó ṣe fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ó gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun jáde, ó ní ti ilé-iṣẹ́ náà ni òun, kí n fi ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn sí i. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Ẹni tó tà á fún mi kò gbé fóònù mọ́ láti ọjọ́ náà. N kò tà wọ́n fún ọmọ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni owó náà kò padà. Nítorí náà, bó bá jẹ́ MacBook lẹ fẹ́ rà, kí wọ́n pa inú rẹ̀ rẹ́ níṣojú yín, kí wọ́n so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rí i pé ó wọlé dé ojú tábìlì rẹ̀ (desktop) láì béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ti Windows, ẹ pa á, ẹ tan án padà, kí ẹ máa tẹ F1 bó bá jẹ́ ThinkPad, F2 bó bá jẹ́ Dell, F10 bó bá jẹ́ HP. Ojú ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀rọ (BIOS) yóò ṣí. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, tí ẹni tó ń tà á kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ dìde, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ.

Fún àwọn ọmọ tó ń lọ kọ́ architecture àti àwọn ẹ̀ka ẹnjiníà kan, mi ò ní tàn yín jẹ. Revit àti SolidWorks, ètò tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ, kì í ṣiṣẹ́ lórí Mac fúnra rẹ̀, wọ́n sì nílò ẹ̀rọ tó lágbára tó máa ń wúwo. Ẹ̀yin ni ẹ lè gbà pé kí ó wúwo díẹ̀, kí ẹ sì wá ilé nítòsí tí agbára bá ká a. Ẹ̀yin ti òfin, ìṣirò owó, èdè, ìròyìn, ẹ má ra ẹrù tí iṣẹ́ yín kò béèrè.

Nǹkan kékeré kan tún kù tí mo fẹ́ràn láti sọ: nínú Windows, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kàn máa yàn án ni. Bí ẹ bá ti ra ẹ̀rọ, ẹ yàn án lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ fi kọ orúkọ yín bí àwọn òbí yín ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi bí mo bá rí i lójú ẹ̀rọ ọmọ. Òjò oṣù kẹfà àti ìkeje náà ń bọ̀. Kò sí báàgì tí olùtajà kò ní pè ní èyí tí omi kì í wọ̀. Ẹ fi láptọ́ọ̀pù sínú ọ̀rá tó nípọn kí ẹ tó fi sínú báàgì, kí báàgì sì ní okùn méjì fún èjìká méjèèjì.

Ìyá kan ti gbọ́wọ́ sókè níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní owó kò tíì pé, ṣé kí àwọn lọ yá kún un kí ọmọ lè ní láptọ́ọ̀pù lọ́jọ́ tó bá wọlé. Màmá, ẹ má yáwó. Ẹ jẹ́ kó wọlé, kó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó gbọ́ ohun tí ẹ̀ka rẹ̀ ń béèrè, kó mọ bóun ṣe máa ń wọ mọ́tò. Fóònù lè gbé e fún ìgbà díẹ̀ yẹn, yàrá kọ̀ǹpútà sì wà fún iṣẹ́ tó bá ju fóònù lọ. Ohun tí ẹ bá rà lẹ́yìn ìyẹn ni yóò bá a lára mu.

Báàgì mẹ́ta ló wà ní ẹsẹ̀ tábìlì yìí. Ọ̀kan ní láptọ́ọ̀pù ńlá pẹ̀lú ṣájà rẹ̀. Ọ̀kan ní X280, ṣájà àti power bank. Ọ̀kan ní T480 àti bátìrì kejì. Mo ti so ẹnu wọn, n kò sì ní sọ èyí tó jẹ́ èwo. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ tò sí ìlà kan. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ èjìká, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà lọ́hùn-ún, ẹ padà, kí ẹ wá sọ èyí tí ẹ fẹ́ gbé láti Ọ̀ṣọ́dì dé Akọka sí mi létí.